Mo Fi Orúkọ Mi Sábẹ́ Ìràwọ̀ Ẹni Tí Kò Ríran Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ ṣì fẹ́ bú mi, ẹ dá orin rẹ̀, èmi fúnra mi á bá yín gbè é.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ojú èèyàn ṣe. Sítúdíò fọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá ẹ̀yìn tí kò ní fèrèsé. Ìyàwó tuntun tí irorẹ́ bo lójú ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, èmi ni mo máa ń bá a nù ún kúrò. Ọ̀gá ńlá tí ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ wọlé, èmi ni mo máa ń bá a fà á sẹ́yìn. Mo mọ ojú àwọn èèyàn yìí ju bí ìyá wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bí mo bá pàdé wọn ní títì, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n kí wọn. Wọn kì í mọ̀ mí.

Yàrá kan àti ilé ìdáná ni mò ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé. Ọkọ mi kò kú o. Ó kàn kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. A ò bímọ. Fóònù mi máa ń dún bí ọ̀gá mi bá ń wá fáìlì, tàbí bí ẹnì kan bá ṣi nọ́ńbà pè.

Ohun tó ń lé mi jáde nínú yàrá yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya ìràwọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A tó ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ́ náà. A máa ń so kámẹ́rà mọ́ awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, a máa ń kọjú rẹ̀ sí ọ̀run, a máa ń ya ojú kan náà ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Lẹ́yìn náà la máa jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, a máa to gbogbo rẹ̀ lé ara wọn, a máa wá fọ̀ ọ́: a máa yọ ìdọ̀tí iná títì kúrò, a máa fa ìmọ́lẹ̀ tó fara pamọ́ jáde. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n fọ̀, eérú lásán ni yóò rí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Tíṣà.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àìsàn kan ń jí ìríran rẹ̀ gbé díẹ̀díẹ̀ kí n tó wọ ẹgbẹ́. Kí n tó lo ọdún kan níbẹ̀, ó ti gbé e tán. Síbẹ̀, kò pa ìpàdé jẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló máa ń fà á lọ́wọ́ wá.

Ní ìpàdé kan, wọ́n ń fi àwòrán hàn lára ògiri, gbogbo èèyàn ń ké "Háà!" Mo rí Tíṣà tó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọn ò sọ àwàdà náà fún. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra ń sọ ohun tó wà lára ògiri sí i létí.

Ó di apá mi mú. "Ta nìyí?"

"Ẹ ò mọ̀ mí, Bàbá. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí."

"Má jókòó sẹ́yìn mọ́," ló wí.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀sán Sátidé bá ti tó, ilé Tíṣà lẹ ó ti bá mi. Màá gbé kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì wọn, màá máa sọ àwòrán fún un. Ara rẹ̀ kì í gbà á kí n sọ ọ́ ní ìsọkúsọ. Bí mo bá ní "pupa", á ní, "Pupa wo? Pupa ẹ̀jẹ̀ ni àbí pupa bíríkì?" Bí mo bá ní "ó tóbi", á ní, "Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ wọ̀n ọ́n." Ọkùnrin tí kò ríran ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Nọ́ọ̀sì á gbé tíì kalẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ̀yin mà ti di ojú Bàbá o." Inú mi á dùn, màá máa dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà ilé.

Ní Sátidé kan, ó na háàdì kékeré kan sí mi, èyí tí wọ́n máa ń kó fáìlì sí.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ya ohun tó wà nínú rẹ̀," ló wí, "lórí òrùlé ilé yìí, nígbà tí ojú ṣì wà. Mi ò mọ̀ ọ́n fọ̀ nígbà náà. Eérú ló ń yọ sí mi. Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, sọ fún mi. Bí kò bá sí, kí n mọ̀."

"Màá yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá."

Ó kọjú sí ọ̀nà àtẹ̀gùn. "Ìyá ọmọ yìí máa ń dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, á ní, 'Tíṣà, oúnjẹ ti tutù.' Màá ní, 'Ó ku díẹ̀.' Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń sọ fún un pé ó ku díẹ̀. Ọdún kẹrin yẹn ló kú." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ibì kan. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fi í sílẹ̀ wà níbẹ̀ ni."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ mi ò tíì mọ́ iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Eérú tó rí lèmi náà rí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìyẹn sọ́tọ̀ fún mi, nítorí ohun tó kù kò ní dùn ún gbọ́.

Ọdún méjì kọjá. Mo ń kọ́ iṣẹ́ náà lórí fóònù, lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Sítúdíò náà ń kọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń yọ àwọ̀ bálùbù kúrò lára aṣọ ìyàwó láìfọwọ́ kan awọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń yọ iná títì kúrò lójú ọ̀run láìpa ìràwọ̀. Ọwọ́ mi wá já fáfá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Sọ́ńdè kan ni. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ tì pa, ilé dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí. Mò ń tún kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ni mo bá rí háàdì Tíṣà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́. Nítorí pé mi ò rí nǹkan ṣe, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

Mo mú fáìlì kan láti ọdún kẹrin. Mo to ọgọ́fà àwòrán lé ara wọn. Mo yọ àwọ̀ iná kúrò. Mo bo àwọn ìràwọ̀ kí n má bàa sun wọ́n jóná, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn wọn jáde, díẹ̀, díẹ̀, bí ẹni ń tú irun orí ọmọ tí kò fẹ́ kó sunkún.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó jáde.

Ìkùukùu pupa kan ni, ó nà láti igun kan dé ìkejì, ihò dúdú wà láàárín rẹ̀ tó rí bí ẹnu ọ̀nà. Ìràwọ̀ ńlá kan jókòó sí etí ihò náà, ó yọ apá mẹ́rin bí àgbélébùú. Apá òkè àti tìsàlẹ̀ rẹ̀ là sí méjì lórí, bí irun tó là. Mi ò mọ ohun tó fà á. Mo rò ó pé bóyá kí n nù ún kúrò, àmọ́ ó wù mí, mo bá fi í sílẹ̀.

Mo pariwo. "Ẹ wá wò ó o! Ẹ gbà mí, ẹ wá wò ó!"

Ta ni mò ń pè? Fíríìjì ló dá mi lóhùn.

Mo gbé fóònù láti pe Tíṣà. Ẹ gbà mí gbọ́, nọ́ńbà rẹ̀ wà lójú fóònù, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ Alága ẹgbẹ́ wa wọlé. Ó ní ọjọ́ náà ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ìdíje àfihàn ọdọọdún, kí olúkúlùkù fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi tèmi ránṣẹ́. Wọn ò mú ọ̀kan rí. Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ ò mọ orúkọ mi, "obìnrin tó máa ń bá Tíṣà sọ̀rọ̀" ni wọ́n ń pè mí.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ta ló fọ̀ ọ́? Èmi ni. Kí ló wà níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án? Eérú. Ẹni tó yà á gan-an pè é ní eérú. Ṣé eérú ẹni ẹlẹ́ni náà ni wọ́n ń jí?

Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́. Mo ní nígbà tó bá di Sátidé, màá ṣàlàyé fún Tíṣà.

Ọjọ́ Túsìdé ni Alága pè mí. Apòògùn ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó ń já lu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. "Madam! Ẹ̀yin lẹ ya àwòrán yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Níbo lẹ ti yà á?"

"Lórí òrùlé ilé wa."

Òrùlé páànù ni ilé wa o. Adìẹ gan-an kò lè dúró lórí rẹ̀ kó má yọ̀.

"Ògiri iwájú la máa gbé e kọ́," ni Alága wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni."

Fóònù mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tí wọn ò kí mi rí ń pè láti béèrè bí mo ṣe ṣe é. Obìnrin kan ní kí n wá kọ́ òun. Ọkùnrin kan ní òun ò mọ̀ pé ẹni ńlá ló wà láàárín wọn. Nígbà tí mo bá ń ti sítúdíò bọ̀, mo máa ń di fóònù náà mú lápò, kó má bàa dún kí n má gbọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá mi. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi wọra.

Ìgbà tó di Sátidé, mi ò tíì wọlé tán tí Tíṣà ti dìde. "Ọmọ mi! Alága ti pè mí! Wọ́n ní ògiri iwájú!" Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń wá mi nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tó rí mi dì mú, ó gbá mi mọ́ra. "Mo ti sọ fún wọn pé ọmọ mi ni ọ́. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi ahọ́n.

Ó ní, "Ó dáa, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ ti já fáfá tó báyìí, ṣé o ti tún háàdì mi yẹn wò?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí gan-an ni mo ti ta ara mi. Bí mo bá ní mi ò tíì wò ó, á ní kí n wò ó. Bí mo bá ní nǹkan wà níbẹ̀, á ní kí n sọ ọ́ fún òun, kí àwọn ará ẹgbẹ́ náà wá gbọ́.

"Mo tún un wò, Bàbá," ni mo wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kò sí?"

"Eérú ni, Bàbá."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká mi. Mo mọ̀ bó ṣe rọ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Dà á nù."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mò ń sọ àwòrán ẹlòmíràn fún un lọ́wọ́, ó dá mi dúró. "Gbogbo rẹ̀ pátá? Ọdún kẹrin náà?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá."

Ó mi orí. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. "Ó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀."

Nígbà tí mò ń lọ, Nọ́ọ̀sì sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ bá Bàbá jà ni? Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn àtimáa jókòó lórí òrùlé nírọ̀lẹ́, bí wọn ò tiẹ̀ rí nǹkan. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn òkè pa. Àná, mo gbọ́ tí wọ́n ń bẹ Mọ́mì."

"Mọ́mì wo?"

"Mọ́mì mi, Àǹtí. Tó ti kú."

Mo ní ó lè jẹ́ pé ó ń rẹ̀ wọ́n ni. Ó ní kí n máa rí i pé mo ń wá, torí èmi nìkan ni wọ́n máa ń retí. Mo gba àdúgbò mìíràn lọ sílé kí n má bàa pàdé ẹni tó mọ̀ mí. Èmi tí wọn kì í mọ̀ tẹ́lẹ̀!

Ṣé mo lè ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà? Mo lè sọ ọ́. Àmọ́ káàdì ìpè ti jáde, orúkọ mi wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Mo ní ẹ jẹ́ kí àfihàn kọjá ná. Ohun tí mo máa ń bá ara mi sọ nìyẹn lójoojúmọ́, bí onígbèsè tó ń bẹ olówó rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ni wọ́n ti ṣe àfihàn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Wọ́n gbé ìkùukùu pupa náà kọ́ sójú ògiri iwájú, ó ga tó mi. Èèyàn pọ̀. Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wọ bàtà tuntun tó ń há mi lẹ́sẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí Tíṣà tó ń wọlé bọ̀. Ó wọ kóòtù, ó so táì. Nọ́ọ̀sì ní láti àárọ̀ ló ti múra sílẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé, "Ọmọ mi ló ya ti ògiri iwájú."

Wọ́n fà á dé iwájú àwòrán náà. Ó nàró, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ó yá," ló wí. "Sọ ọ́ fún mi. Má fi nǹkan kan pamọ́."

Àwọn èèyàn yí wa ká láti gbọ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́ ní ìsọkúsọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán fún Tíṣà ní ìsọkúsọ. Ó ti kọ́ mi jù. Mo sọ pupa náà fún un, pupa bíríkì tó rẹ omi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ihò dúdú náà. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ orin. Inú mi náà dùn, mo gbàgbé irú ẹni tí mo jẹ́.

"Ìràwọ̀ ńlá kan wà létí rẹ̀," ni mo wí. "Funfun tó fẹ́ di aró. Ó ní apá mẹ́rin. Èyí tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gún. Èyí tó lọ sókè àti èyí tó lọ sísàlẹ̀ là sí méjì lórí, bí irun."

Ẹ̀rín rẹ̀ dúró.

"Òkè àti ìsàlẹ̀," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ kò là?"

"Ẹ̀gbẹ́ kò là, Bàbá."

"Àwọn ìràwọ̀ tó kù ńkọ́? Àwọn tó tóbi?"

"Bákan náà ni gbogbo wọn rí."

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rí ojú Nọ́ọ̀sì. Ó ti la ẹnu sílẹ̀.

Tíṣà na ọwọ́. Ìka rẹ̀ kan gíláàsì àwòrán náà, ó sì gbé e síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Kókó ìyàwó mi nìyẹn," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́.

Alága sún mọ́ wa. "Kí ni Bàbá wí?"

Mo ń retí pé kí ilẹ̀ lanu.

Tíṣà gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Mo ní ó dára," ló wí. "Ó dára gan-an. Ọmọ mi, mú mi jáde."

Nọ́ọ̀sì ló mú un jáde. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí.

"Òwú méjì ni mo ta dábùú ẹnu awò mi," ni Tíṣà wí. Kò kọjú sí mi. "Kí ìràwọ̀ lè ní apá. Ọ̀kan já. Ìyá ọmọ yìí ló gun òrùlé wá pẹ̀lú òwú ìránṣọ, tó ta á ní kókó padà. Ìgbà kan ṣoṣo tó gòkè wá nìyẹn. Òwú náà kò gún mọ́, ìràwọ̀ ńlá sì ń là lórí láti ọjọ́ náà. Mo fi ojú mi rí i kí ojú tó lọ. Mi ò pààrọ̀ òwú náà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Bí ó bá jẹ́ àwòrán lo fẹ́, ṣé mi ò ní fún ọ? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kí n máa wò ó?"

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọlọ́dà pẹ̀lú bàtà tuntun mi. Àwọn èèyàn ń wò wá.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́," ló wí. "O gbọ́ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ń béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ní eérú ni." Ohùn rẹ̀ já. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ òkú."

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Kò wo ojú mi.

Mi ò dúró di Mọ́ńdè. Mo padà wọ gbọ̀ngàn náà, mo fa Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́." Ó lọ já orúkọ mi kúrò níwájú gbogbo èèyàn, ó fi kálámù kọ ti Tíṣà.

Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Fóònù mi kàn dákẹ́ ni, bó ṣe máa ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mo rò pé bí mo bá ti jẹ́wọ́, gbogbo nǹkan á padà sípò. Ẹ ò rí òmùgọ̀? Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ kanlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ṣí i díẹ̀. "Bàbá ń sùn, Àǹtí." Mò ń gbọ́ rédíò inú ilé. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń sùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ Nọ́ọ̀sì pé kí ó jẹ́ kí n fọ ìyókù inú háàdì náà, mi ò tíì dà á nù, mi ò sì fẹ́ gba nǹkan kan. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ kó tó jáde.

"Wọ́n ní kí ẹ fọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ẹ má kó wọn wá fúnra yín."

Oṣù márùn-ún ni mo fi fọ̀ wọ́n, lẹ́yìn iṣẹ́. Méjìdínlógójì ni. Méje nínú wọn jẹ́ eérú lóòótọ́, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Tíṣà wà lábẹ́ gbogbo wọn. Mo ń fi wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù Nọ́ọ̀sì lẹ́yọ lẹ́yọ. Á dáhùn pé, "Ó ti wọlé." Kì í kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àná, ọjọ́ Tọ́sìdé, lẹ́yìn tí mo fi èyí tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́, fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì ni.

"Àǹtí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́," ló wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Mo ní aró, Bàbá ní aró wo. Mo ní ó tóbi, wọ́n bínú. Ẹ dákun, mo gbé fóònù sórí tábìlì. Ẹ bá mi sọ wọ́n."

Mo sọ wọ́n. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú mi, mo sọ gbogbo rẹ̀, wákàtí kan ó lé. Mò ń gbọ́ bí àga Tíṣà ṣe ń dún. Bó bá ní ìbéèrè, ọmọ rẹ̀ ló ń bi. "Bi í bóyá etí rẹ̀ mú tàbí ó rọ̀." Nọ́ọ̀sì á ní, "Àǹtí, Bàbá ní..." Màá ní, "Mo gbọ́."

Ìgbà tí mo sọ èyí tó gbẹ̀yìn tán, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ọdún wo nìyẹn?"

Mi ò dúró de Nọ́ọ̀sì. "Ọdún kẹrin ni, Bàbá. Òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe tèmi, bí ẹ ṣe yà á ló mú un dára."

Mo gbọ́ tí Tíṣà ń sunkún, pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tí kò ní ìtìjú kankan mọ́. Mo gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Dádì mi, Dádì mi. Mo gbọ́ tó ní, "Kò ṣòfò. Ìyá rẹ ò dúró lásán." Èmi náà ń sunkún sí ọwọ́ mi kí wọ́n má bàa gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹnì kan ń fi ojú yín ríran, tàbí tó ń fi etí yín gbọ́ràn, bóyá òbí yín ni o, bóyá aládùúgbò, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ máa sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Kò ní ibòmíràn tó ti máa béèrè.

Nígbà tó pẹ́, Nọ́ọ̀sì gbé fóònù. "Àǹtí, ẹ ṣeun. Àwọn àwòrán náà ti tán, àbí?"

"Wọ́n ti tán."

"Ó dáa. Ó dàbọ̀, Àǹtí."

Inú mi dùn pé Tíṣà ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọ̀la ni Sátidé. Mi ò níbi tí mò ń lọ.